Dádì Ilé, Dádì Ṣọ́ọ̀bù

"Ta ló ń jẹ́ Dádì Ilé?"

Onígbàjámọ̀ ló béèrè, ó sì gbé kílípà kúrò lórí oníbàárà rẹ̀ kí ariwo rẹ̀ má baà bo ìdáhùn mọ́lẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin tí tẹbítọ̀rẹ́ ń pè ní Pẹ́pẹ́yẹ nítorí bó ṣe máa ń jùdí tó bá ń rìn, wà lórí àga gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá irin àga náà.

"Dádì tó wà nílé ni," ó dáhùn. "Ẹ̀yin ni Dádì Ṣọ́ọ̀bù."

Bàbá tó wà lórí àga ìgẹrun, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì, bú sẹ́rìn-ín débi pé aṣọ tí wọ́n dè mọ́ ọn lọ́rùn ń gbọ̀n. "Ọmọ yìí gbọ́n o! Ó ti pín yín sí kíláàsì kíláàsì."

Onígbàjámọ̀ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín lásán ni. Ó dá kílípà padà sórí bàbá náà, ó ń gẹ̀ ẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti ń yún un bí irun wẹ́wẹ́ tó bọ́ sọ́rùn ẹ̀wù.

Ó ti pé ọdún méjì tí òun àti ìyá ọmọ náà ti pínyà. Kò sí ìjà ńlá kan. Wọ́n kàn jọ ń gbé títí tí kò fi sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè bára wọn sọ mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ń gbé, ṣùgbọ́n ti bàbá ni gbogbo Sátidé láti àárọ̀ di aago méjì ọ̀sán. Lọ́dún tó kọjá ni ìyá Pẹ́pẹ́yẹ wá fẹ́ ọkùnrin mìíràn, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́. Onígbàjámọ̀ kì í pe ọkùnrin náà ní nǹkan kan ju "ọkùnrin yẹn" lọ.

Ohun tó ń dùn ún jù ni pé kò rí nǹkan kan kà sí i lẹ́sẹ̀. Ká ní ọ̀mùtí ni, ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ká ní ó máa ń pẹ́ dé, ká ní ó máa ń fi ìgbéraga báni sọ̀rọ̀, ká tiẹ̀ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rùn! Rárá o. Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, bó bá ti ku díẹ̀ kí aago méjì lù, ọkùnrin yẹn á dé nínú ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa, á kí gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, á kúnlẹ̀ so okùn bàtà Pẹ́pẹ́yẹ, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," á sì mú ọmọ lọ. Onígbàjámọ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ọwọ́ kékeré yẹn nínú ọwọ́ ọkùnrin yẹn títí wọ́n á fi yà ní kọ̀rọ̀.

"Tó o bá ṣe dáadáa nílé," ó tún bi ọmọ náà, "kí ni Dádì Ilé máa ń fún ẹ?"

"Ọsàn. Á bó o, á yọ kóró rẹ̀, á gé e wẹ́wẹ́."

"Ọsàn nìkan? Kò fún ẹ ní súwíìtì rí?"

Ọmọ náà mi orí. "Ó ní èyí tó le kò dáa fún ọmọdé. Mọ́mì náà sọ bẹ́ẹ̀."

Onígbàjámọ̀ mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ti kìlọ̀ fún òun náà. Àmọ́ agolo súwíìtì tó máa ń gbé kalẹ̀ fún àwọn oníbàárà wà lórí tábìlì níbẹ̀. Ó ṣí i, ó mú ọ̀kan jáde, pupa, róbótó, tó tóbi tó orí àtàǹpàkò àgbàlagbà. Ó tú ọ̀rá ara rẹ̀.

"Dádì Ṣọ́ọ̀bù kì í gé nǹkan wẹ́wẹ́," ó ní. "Gbà. Má wí fún ẹnikẹ́ni nílé o."

Ojú ọmọ náà tàn. Ó bọ́ sílẹ̀ látorí àga, ó gbá bàbá rẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ dáa jù!"

Ó ti pẹ́ tí onígbàjámọ̀ ti ń wá gbólóhùn yẹn. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó tiẹ̀ ń súfèé.

Kò tíì gẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún orí bàbá olùkọ́ tán tí Pẹ́pẹ́yẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò káàkiri ṣọ́ọ̀bù, súwíìtì náà lẹ́nu. Ó ń fò, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín dá.

Kò wúkọ́, kò sunkún. Bàbá olùkọ́ ló kọ́kọ́ rí i nínú dígí. "Ọmọ rẹ!" ó pariwo. "Wo ọmọ rẹ!"

Pẹ́pẹ́yẹ dúró gbagidi láàárín ilé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn mú, ó la ẹnu sílẹ̀ láìsí ohùn. Ètè rẹ̀ ti ń yí àwọ̀ padà. Onígbàjámọ̀ ju kílípà sílẹ̀, ó gbé e. Ó ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun, ó ń wá nǹkan tí kò rí, kò sì mọ̀ pé ṣe lòun ń tì í wọlé sí i. Ó bu omi sí i lẹ́nu; gbogbo omi náà dà sí i láyà. Ó ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ó ń pariwo, "Tu ú dànù! Jọ̀ọ́, tu ú dànù!"

Ibi tó bá a dé nìyẹn tí ilẹ̀kùn fi ṣí, tí ọkùnrin yẹn wọlé.

"Ẹ gbé e fún mi," awakọ̀ ní.

Onígbàjámọ̀ gbọ́. Ohun tó ṣe nígbà tó gbọ́ ọ, ọjọ́ mélòó kan ló fi gbé e sínú kó tó lè sọ ọ́ fún ẹnì kan: ó fún ọmọ náà mọ́ra sí i. Ó tiẹ̀ kẹ̀yìn sí ọkùnrin yẹn.

"Ọ̀gá! Ọmọ ń kú lọ! Ẹ gbé e fún mi!"

Awakọ̀ fi ipá gbà á. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó da ọmọ náà dojú dé orí itan rẹ̀, orí ọmọ wà nísàlẹ̀, ó sì fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́yìn, lẹ́ẹ̀marùn-ún, gìrì, gìrì. Kò sí nǹkan. Ó gbé e dìde, ó dì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, ó di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo rẹ̀, ó fà á wọnú, ó fà á sókè, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò sí nǹkan. Apá ọmọ náà rọ wọ̀ọ̀, orí rẹ̀ sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ẹ bá wa pe àwọn pàjáwìrì!"

Bàbá olùkọ́ ti ń tẹ fóònù, aṣọ ìgẹrun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Awakọ̀ tẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ sílẹ̀ láàárín irun tó kún ilẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kan lé àárín àyà rẹ̀, ó na apá gbọọrọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ léraléra. Àyà kékeré náà ń lọ sílẹ̀, ó ń gbéra. Onígbàjámọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ lódìkejì, ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ láìmọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe, ọwọ́ tó ń gẹrun fún ogún èèyàn lóòjọ́. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tó ọgbọ̀n ìgbà, awakọ̀ la ẹnu ọmọ, ó wò ó, ó rí ohun pupa kan lẹ́yìn ahọ́n, ó fi ìka kan kọ́ ọ jáde. Ó tẹ orí ọmọ sẹ́yìn, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó di imú rẹ̀, ó fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Àyà náà wú. Ó tún fẹ́ ẹ.

Pẹ́pẹ́yẹ wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ló bá fi igbe ta.

Onígbàjámọ̀ la apá. "Pẹ́pẹ́yẹ mi! Wá, wá sọ́dọ̀ Dádì!"

Ọmọ náà wò ó, ó wo ẹnì kejì, ó sì na ọwọ́ sí ọkùnrin yẹn, ó dì mọ́ ọn lọ́rùn. Bí onígbàjámọ̀ ṣe ń dúpẹ́, tí omi ń dà lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kan gún un lọ́kàn ṣóńṣó. Ó mọ ohun tó ń jẹ́. Ojú tì í pé èèyàn lè máa jowú nírú àsìkò yẹn.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gbọ́ àyà ọmọ náà tiwájú tẹ̀yìn, wọ́n ya fọ́tò egungun àyà rẹ̀, wọ́n ní kó sinmi lọ́dọ̀ àwọn di ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ sáré dé láti ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́, apá ẹ̀wù rẹ̀ tó ká sókè ṣì tutù. Nígbà tó gbá ọmọ mọ́ra títí, ó yíjú sí awakọ̀.

"Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ jókòó, ẹ sinmi."

Ó wá kọjú sí onígbàjámọ̀. "Ìwọ, kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló wà lẹ́nu rẹ̀?"

"Ẹ" fún ọkùnrin yẹn, "ìwọ" fún òun. Nígbà tí wọ́n jọ wà nílé, "ẹ" ni obìnrin yìí ń pè é tọ̀sán tòru, àti nígbà ìjà pàápàá. Kò mọ ọjọ́ tó yí i padà. Ó dà bí ẹni pé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Kó tó la ẹnu, awakọ̀ ti dáhùn. "Nǹkan kan ló há a lọ́fun níbi tó ti ń ṣeré. Ọmọdé náà ni."

Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ awakọ̀ lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ni bàbá tó ṣe iṣẹ́ yìí? Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. A kì í sábà rí bàbá tó mọ̀ ọ́n ṣe."

"Èmi kọ́ ni bàbá rẹ̀," awakọ̀ ní, ó nawọ́. "Bàbá rẹ̀ nìyí."

"Ẹ kú oríire, sà," nọ́ọ̀sì sọ fún onígbàjámọ̀, ó sì tún yíjú padà sí awakọ̀, ó ń bi í bó ṣe ṣe é, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìgbà yẹn ni Pẹ́pẹ́yẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀, ó ní, "Àyà ń dùn mí."

Onígbàjámọ̀ fò dìde bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan? Ó ti tẹ̀ ẹ́ jù! Ta ló ní kó máa fi gbogbo agbára tẹ ọmọ kékeré láyà báyẹn? Bí egungun rẹ̀ bá ti dá ńkọ́?"

Dókítà tó ń kọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, obìnrin tí ewú ti wà lórí rẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Egungun rẹ̀ kò dá, a ti wò ó. Ìrora náà á lọ. Sà, bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́ ni, ọmọ yìí ò ní lè sọ pé nǹkan kan ń dun òun."

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ wo onígbàjámọ̀ látòkè délẹ̀, ó sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Awakọ̀ ní tirẹ̀ ń wo ilẹ̀, ojú ń tì í fún onígbàjámọ̀. Ìyẹn gan-an ló burú jù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bàbá olùkọ́ dé fìlà wá sí ṣọ́ọ̀bù, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ mọ́ kedere, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì kún fún irun. Àwọn mẹ́ta ló wà níjókòó tí wọ́n ń retí kó kàn wọ́n. Kí onígbàjámọ̀ tó fi kílípà kàn án, bàbá náà ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

"Ẹ̀ bá wà níbẹ̀! Ọkùnrin yẹn ò pariwo, kò sáré kiri. Bí ẹni tó ń ka ìwé ló ṣe ń ṣe é. Gbà, gbà, gbà! Ọmọ jí! Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, mi ò mọ nǹkan tí màá ṣe ju fóònù lọ."

"Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa bímọ," ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n rántí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n jókòó sí, kálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ gẹ bàbá náà tán láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí ẹnì kẹrin ti béèrè "ọkùnrin tó jí ọmọ yẹn dìde" lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó mú ọ̀nà ibi tí wọ́n ń gbé àwọn bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ sí pọ̀n.

Ó bá awakọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó ń gbá ìdọ̀tí tí àwọn ọmọ fi sílẹ̀ lábẹ́ àga. Kò jẹ́ kó kí òun tán.

"Ta ló bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ bò mí láṣìírí lójú ìyá ọmọ mi?"

Awakọ̀ fi ìgbálẹ̀ ti àga kan. "Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí."

"Èmi ni mo fún un ní súwíìtì."

"Mo mọ̀. Agolo rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí tábìlì yín."

"Ẹ tún mọ̀ pé mo dì í mú. Ẹ ní kí n gbé e fún yín, mo wá fún un mọ́ra. Nítorí pé ẹ̀yin ni. Ká ní ẹlòmíràn ló wọlé, màá ti gbé e fún un." Ó tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ mọ ìyẹn náà?"

"Mo mọ ìyẹn náà."

Níta, ẹnì kan ń fi rọ́bà omi fọ bọ́ọ̀sì, omi ń ta sára dígí.

"Níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ yín, àbí?" onígbàjámọ̀ béèrè níkẹyìn. Ó fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé tipátipá ni wọ́n fi kọ́ ọ, á dín kù díẹ̀.

"Níbi iṣẹ́ kẹ̀? Ìlànà bí a ṣe ń páàkì ni wọ́n kọ́ wa níbí." Awakọ̀ jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. "Ìbẹ̀rù yín ló jẹ́ kí n lọ kọ́ ọ."

"Ìbẹ̀rù tèmi?"

"Kí n tó kó Pẹ́pẹ́yẹ àti ìyá rẹ̀ sọ́dọ̀ ni. Mo jókòó, mo ní, ọmọ ọlọ́mọ rèé. Bí nǹkan bá ṣe é lọ́wọ́ mi, kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá rẹ̀? Ọmọ tèmi, mo lè sunkún ẹ̀. Ọmọ tiyín, kí ni mo fẹ́ fi ojú mi ṣe? Ni mo bá lọ síbi tí àwọn panápaná ti ń kọ́ àwọn òbí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò dùn. "Ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń jowú? Bí ara Pẹ́pẹ́yẹ ò bá yá, ẹ̀yin ló ń pè. Èmi ni mo gbé e lọ́wọ́ o, èmi ni mo ń fún un lóògùn, ẹ̀yin ló ń pè. Mo fẹ́ ya irun fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gba kóòmù lọ́wọ́ mi, ó ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, ó di ọ̀dọ̀ Dádì Ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ jókòó sínú mọ́tò fúngbà díẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Inú onígbàjámọ̀ dùn, bẹ́ẹ̀ ni, inú rẹ̀ dùn gan-an pé irun yẹn dun ọkùnrin yẹn. Ó sì mọ̀ pé kò yẹ kínú òun dùn.

"Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń ṣe é," awakọ̀ ní, "aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní ká máa padà wá lọ́dọọdún kó má baà kúrò lọ́wọ́ wa. Mo ń lọ lọ́la."

Láti ibẹ̀, onígbàjámọ̀ gba ilé ìfọṣọ lọ.

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ń ká aṣọ ibùsùn. Onígbàjámọ̀ rò ó fún un bó ṣe jẹ́ gan-an: ìbéèrè tó bi ọmọ, agolo, dídì tó dì í mú. Bó ti ń sọ ọ́, ọwọ́ obìnrin náà kò dúró. Ó ká aṣọ náà sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, títí tí kò fi ṣeé ká mọ́. Ì bá dára ká ní ó pariwo.

"Nítorí ọsàn," ó ní. "O fẹ́ pa ọmọ mi nítorí ọsàn."

"Mi ò mọ̀ pé..."

"O mọ̀. Mo ti sọ fún ẹ." Ó gbé aṣọ náà lé àwọn ìyókù. "O ṣeun tó o wá sọ ọ́ fúnra rẹ. Ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fún mi nílé ò sọ ọ́, èmi àtẹni náà máa sọ ọ́. Àmọ́ mi ò ní jẹ́ kó wá lọ́jọ́ Sátidé yìí."

"Títí dìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀. Títí ọkàn mi á fi balẹ̀ pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, o máa dúró ṣe nǹkan."

Ní aago mẹ́rin ọjọ́rú, onígbàjámọ̀ wà nílé iṣẹ́ panápaná, nínú gbọ̀ngàn kan tó ń rùn fún rọ́bà. Àwọn òbí bíi mẹ́wàá ló wà lórí ìkúnlẹ̀: ìyá méjì tó lóyún, ìyá àgbà kan tó mú ìrọ̀rí bọ̀ fún orúnkún rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ẹ̀rù ń bà á. Iwájú kálukú ni ọmọláńgidi kan tó tó ọmọdé wà. Obìnrin panápaná tó ń kọ́ wọn ga, ohùn rẹ̀ sì le bíi agogo ilé ẹ̀kọ́.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa! Bẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tọ́ búrẹ́dì wò, kò ní jí o! Kí ẹni tó ti ṣe é rí máa wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ̀yin bàbá méjèèjì, ẹ jọ ṣe é."

Awakọ̀ gbé orúnkún rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ onígbàjámọ̀. Kò sí ẹni tó wo ojú ẹnì kejì. Onígbàjámọ̀ gbé ọwọ́ lé àárín àyà ọmọláńgidi náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ó le ju bó ṣe rò lọ. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá, òógùn ti ń yọ níwájú orí rẹ̀. Lẹ́yìn ogún, apá rẹ̀ ti ń ro ó. Ó ronú pé ọkùnrin yẹn ṣe èyí fún ọmọ òun pẹ̀lú ọwọ́ kan ṣoṣo. Inú bí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ kíákíá sí i, bí ẹni tó ń bá ẹnì kan sáré.

"Ẹ ti ń yára jù," awakọ̀ ní jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ kí àyà rẹ̀ gbéra padà kẹ́ ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́."

Ìdáhùn kan ti wà lẹ́nu onígbàjámọ̀, ó mú bí abẹ. Ó pa ẹnu dé lórí rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tún gbé e síbi tó yẹ.

"Ẹ máa wò mí," ó ní. "Bí mo bá tún ṣì í, ẹ sọ fún mi."